Àwo Tí Láídé Fi Ìṣó Họ

Ọmọ mi Láídé kú ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, ọdún 1985. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Mọ́tò tó ń gbé e bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde sáré wọ abẹ́ tírélà tó bàjẹ́ sójú títì láàárọ̀, nínú ìkùukùu. Òun àti awakọ̀ ló kú níbẹ̀. A kì í jẹ́ kí òbí mọ sàréè ọmọ rẹ̀, nítorí náà n kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, n kò sì bèèrè.

Àwọn tó wá kí mi sọ ohun tí ènìyàn máa ń sọ. Wọ́n ní Ọlọ́run ló fún ni, òun náà ló gbà. Wọ́n ní olórin ńlá ni ì bá dà. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni n kò fẹ́ gbọ́, torí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣe akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ṣàgámù, iṣẹ́ mi sì ni kí n kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Láídé kò wá bí yóò ṣe di olórin ńlá. Ohun tó ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí wá sí ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ìjọkù, kí ó bèèrè bóyá ibẹ̀ ni ilé Láídé olórin. Kì í ṣe Láídé elégbè Àdìsá. Láídé fúnra rẹ̀.

Ó ti wà lára àwọn elégbè Àdìsá láti ìgbà tó ti kúrò nílé ìwé. Àdìsá ni olórin tí gbogbo Rẹ́mọ mọ̀ nígbà náà. Ó ní bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí lára. Àwọn elégbè rẹ̀ kò ní orúkọ. Láídé ló ń gbé ohùn òkè, òun ló ń ronú ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú orin náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọrin tán tí àwọn ènìyàn bá fẹ́ kí i, wọn a ní, "Ọmọ Àdìsá, o káre." Lẹ́yìn Iléyá ọdún 1984, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń lọ dá dúró. Àdìsá kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín.

"Láídé, ẹnu ọ̀nà mi ò ní kọ́kọ́rọ́. Tí Iléyá tó ń bọ̀ bá bá ọ lójú kan tó o wà yìí, máa bọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni wàá dúró sí o, torí màá ti fi ẹlòmíràn síwájú."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá."

"Àbí o fẹ́ ká bura sí i?"

"Ẹ jẹ́ ká jọ máa wò ó," ni Láídé wí.

Ó wá sọ fún mi nílé pé òun ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí Iléyá bá dé tí ẹnikẹ́ni kò tíì wá pe òun ní orúkọ òun, òun yóò padà sẹ́yìn Àdìsá, òun kò sì ní ráhùn.

Èmi kò fẹ́ iṣẹ́ orin fún un. N kò fi pamọ́ nígbà náà, n kò sì fi pamọ́ nísinsìnyí. Ìyá rẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí láti Ìperu, ló fún un ní ohùn, ó sì kú kó tó mọ ohun tí ọmọ yóò fi ohùn náà ṣe. Èmi fẹ́ kó ṣe olùkọ́. Ṣùgbọ́n ó ti dàgbà, abẹ́ òrùlé kan náà la ń gbé, a sì jọ ń sọ̀rọ̀.

Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó kó àwọn onílù àti elégbè mélòó kan jọ, Yésúfù ni olórí wọn, wọ́n lọ sí Ṣómólú l'Ékòó lọ gba orin wákà tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò gbé e fún ilé iṣẹ́ àwo kankan. Ó ní wọn a gbé orin ẹni tí wọn kò mọ̀ sí kọ̀rọ̀, eruku a bò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló sanwó kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí àwo. Nígbà tí wọ́n kó àwọn páálí náà wọ pálọ̀ wa, tí kò sí ibi tí mo lè gbé àga mi sí mọ́, mo bi í pé ta ni yóò rà wọ́n.

"Màá polówó wọn, Bàbá."

"Ọjà là ń polówó. N kò rí ibi tí ènìyàn ti ń polówó ara rẹ̀ rí, àfi ẹni tí orí rẹ̀ kò pé."

"Ohùn mi ni ọjà, kì í ṣe èmi."

"Ṣé a lè ra ọ̀kan ká má ra èkejì?"

"Ẹlẹ́kọ tó bá jókòó sílé, tó ní ẹ̀kọ òun dùn, kíkan ni ẹ̀kọ ẹ̀ máa kan."

"Bí ẹ̀kọ bá dùn, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á sọ fún ẹlòmíràn."

"Ta ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́, Bàbá?"

Mo gbé àga mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ náà bí ẹni tí ìjọba ń san owó oṣù fún. Kí mọ́tò Ìbàdàn tó kún láàárọ̀, ó ti wà ní gáréèjì pẹ̀lú àpò kásẹ́ẹ̀tì tó gba orin náà sí. Ọ̀fẹ́ ló ń fún àwọn awakọ̀. Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú wọn ni pé kí wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè bí wọ́n bá dé Ògèrè, níbi tí mọ́tò ti ń tò láti san owó títì, kí àwọn èrò inú mọ́tò mìíràn lè gbọ́ láti ojú fèrèsé. Ó se ògì, ó fi lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ ògiri láti Mákun dé Ọ̀fin. Wolé-wolé mú un, ó ní kó ṣí gbogbo wọn kúrò. Ó ṣí èyí tó wà níwájú ọ́fíìsì wolé-wolé, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ó lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò ní Abẹ́òkúta, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó ń lo àwo níbẹ̀ ní kó gbé tirẹ̀ lé orí àwọn yòókù. Láídé wo òkìtì àwo náà, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín dì í mú, sà, títí tí ẹ ó fi ráyè." Ó padà lọ títí ọkùnrin náà fi ráyè. Wọ́n lo orin kan nínú ètò àárọ̀, awẹ́ kan péré, ìròyìn sì gba ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn páálí àwo náà, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé: *Fún ìpè sí òde: Ilé Fábíyìí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Ìjọkù, Ṣàgámù.* Orúkọ mi nìyẹn. Kò bèèrè lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwo náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Àṣà àwọn olórin wa ni kí wọ́n fi orúkọ ènìyàn ńlá sínú àwo. Ẹni tí wọ́n bá kì á ra àwo náà lọ́pọ̀, á fi ta ọ̀rẹ́ àti ará lọ́rẹ, orúkọ olórin á sì bá a wọ ilé dé ilé. Láídé yan Àlhájà Ojúọlá. Kò sí ẹni tó ń ta gbànjà ní Ṣàgámù tí kò mọ obìnrin náà. Àwọn Hausa tó ń wá ra obì ní Sábó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ dúró. Láídé kò mọ̀ ọ́n lójú kojú. Ó wádìí orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń bó obì nínú ọgbà rẹ̀, ó sì wádìí àwọn ọmọ.

Nígbà tí Yésúfù gbé ẹ̀rọ àwo rẹ̀ wá sí ilé wa kí n lè gbọ́, mo jókòó, mo fi etí sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ dára. Ó ki ìdílé Ojúọlá, ó kì í dé orí àwọn tó ti kú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀:

*Ẹ bá mi kà wọ́n, ẹ̀yin ará Sábó,*
*Ẹ bá mi ka ọmọ Ojúọlá lẹ́sẹẹsẹ…*

Ó sì kà wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí, ó sọ orúkọ, ó sọ iye. Àwọn elégbè ń gbe iye náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé orí àbíkẹ́yìn, ó pa gbogbo wọn pọ̀, ó dárúkọ àpapọ̀ wọn. N kò ní kọ iye náà síhìn-ín.

Mo ní kí Yésúfù gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo.

"Láídé, ta ló ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

"Bàbá, mo mọ̀ pé wọn kì í kà á. Àwọn àgbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí o fi kà á?"

"Tí mo bá kì í lóun nìkan, òun nìkan ló máa rà á. Àmọ́ tí mo bá to àwọn ọmọ, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ra tiẹ̀. Ìyàwó wọn á rà á, àwọn àna á rà á. Ẹni tí wọ́n bá fò lórúkọ ni ò ní rà á. Mi ò sì fo ẹnì kankan."

Yésúfù ní, "Bàbá Akọ̀wé, ọgbọ́n nìyẹn o."

"Mo gbọ́ pé ọgbọ́n ni," ni mo wí. "A ti tẹ̀ ẹ́ tán, àbí?"

Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán.

Bí Láídé ṣe rò ó náà ló rí. Àwọn ọmọ Ojúọlá rà á. Onílé àwo tó wà ní Sábó rà sí i, ó tún rà sí i. Ẹni tó bá wọ mọ́tò Ìbàdàn lọ́dún tuntun yẹn gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Àlhájà fúnra rẹ̀ kò ránṣẹ́, kò sì pe Láídé. Láídé ní inú rẹ̀ dùn, pé olówó kì í kánjú.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, ọmọ Àlhájà tó ń jẹ́ Owólabí, ẹni tó ń kó obì ìyá rẹ̀ lọ sí Kánò, dojú lọ́rì dé lẹ́yìn Jẹ́bà. Kò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì. Wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní Ṣàgámù, kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo Sábó ti mọ ohun tó ṣẹ́ ẹsẹ̀ náà.

Àlhájà Ojúọlá wá sí ilé wa fúnra rẹ̀. Mo retí pé yóò kó èrò wá. Òun nìkan ló wá, ó so gèlè dúdú. Mo gbé àga fún un.

"Ẹ jókòó, Àlhájà."

"Mi ò jókòó, Bàbá Láídé. Ilé tí ẹsẹ̀ ọmọ mi ti ṣẹ́, mi ò lè jókòó níbẹ̀."

"Títì ló ti ṣẹ́, Àlhájà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí."

Ó wò mí. "Akọ̀wé ni yín lóòótọ́," ló wí. Ó yíjú sí Láídé tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ìwọ ni olórin náà?"

"Èmi ni, Mà. Ẹ má bínú. Mo fẹ́ fi yẹ́ yín sí ni."

"Ṣé mo ní kí ẹnikẹ́ni yẹ́ mi sí? Mi ò wá jà. Àwọn ọmọ mi ni mo wá gbà."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, kò gbé ohùn sókè.

"Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín. O pe ìyá mi, omi bọ́ lójú mi. Ìgbà tó o dé ibi tó o ti ń kà wọ́n, mo fọwọ́ bo ẹnu. Tí olórin bá sọ irú ẹ̀ níwájú mi, màá ní kó gbé e mì. Atẹ́gùn á gbé e lọ, ó tán. Èyí tìẹ ò tán. Láàárọ̀ ó ń kà wọ́n, lọ́sàn-án ó ń kà wọ́n. Gbogbo mọ́tò tó ń lọ Ìbàdàn ń kà wọ́n lọ, ó ń kà wọ́n bọ̀. Èmi tí mo bí wọn, mi ò kà wọ́n rí. Tí ilẹ̀ bá ṣú, orúkọ ni mo máa ń pè, kì í ṣe iye. Gba àwọn ọmọ mi fún mi nínú àwo dúdú yẹn, kó o máa kọrin ẹ lọ."

Ó jáde. Kò mu omi tí a gbé fún un.

Èmi kò gbà pé kíka ènìyàn a máa ṣẹ́ ẹsẹ̀. Ní ilé-ẹjọ́, mo bi olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ léèrè iye ọmọ wọn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀, n kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tìtorí ẹ̀ ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn ni iye náà ti jáde, àwọn àgbà mìíràn á sì wo àjà, wọ́n á ní, "Ọlọ́run ló mọ iye wọn, Akọ̀wé, ẹ kọ èyí tí ẹ bá rí." Mo kọ èyí tí mo bá rí. Ohun tí a kọ sílẹ̀ kò dà bí ohun tí a fi ẹnu sọ. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í gbàgbé, kì í sì í tijú.

Àdìsá wá lẹ́yìn ìyẹn. Ó gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ dúró síwájú ilé kí gbogbo àdúgbò lè rí i.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú ilé. Ọ̀rọ̀ òwò ni mo bá wá, ẹ jọ̀ọ́ sà." Ó dojú kọ Láídé. "O mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ? Wọ́n ń bèèrè àwo yẹn ní Mushin. Wọ́n ní àwọn fẹ́ àwo tó ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ olóbì."

"Ọ̀gá, kì í ṣe àwo ló ṣẹ́ ẹ."

"Ṣé ìwọ lo máa lọ sọ fún wọn? Gbé ẹnu dákẹ́ ni. Ariwo tó o fi ẹsẹ̀ rìn wá láti gáréèjì dé Abẹ́òkúta, tó o ò rí, ó ti fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá bá ọ nílé. Jẹ́ kí n bá ọ tẹ̀ sí i. Orúkọ tìẹ ló máa wà lára ẹ̀, mi ò fi tèmi sí i. Kí Iléyá tó dé, àwọn ará Èkó á ti tò síwájú ilé yìí."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ Láídé lára. Ohun tó ń wá gan-an ni Àdìsá gbé síwájú rẹ̀.

"Tí ibà bá tún mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ńkọ́?" ló bèèrè.

"Á túbọ̀ tà," ni Àdìsá wí. Ọ̀rọ̀ náà jáde kó tó rò ó. Ó wúkọ́, ó fọwọ́ nu ẹnu.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì náà lọ tán, Láídé wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

"N kò ní sọ fún ọ. O ti dàgbà ju ẹni tí à ń sọ fún lọ."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi. "Mo sọ fún yín pé ohùn mi ni ọjà tí mò ń polówó. Irọ́ ni. Orí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni mo gbé lé àtẹ."

Ó wọlé, ó wá ìṣó.

Orin náà nìkan ló pa. Ó fi ìṣó họ àwo láti ibi tí orin náà ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí, tó jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ bá débẹ̀, yóò fò, yóò bọ́ sórí orin kejì. Ó ṣe gbogbo èyí tó kù nílé tán, ó lọ bá onílé àwo ní Sábó. Onílé àwo ní òun kò ní ta ọjà tó ti lábùkù. Láídé ní, "Ẹ máa tà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bèèrè, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo họ ọ́." Ó jókòó sójú ìsọ̀ ọkùnrin náà, ó ń họ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn ń wò ó.

Ní gáréèjì ni wọ́n ti fojú rẹ̀ rí màbo. Èmi ń lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ náà, ojú mi ló ṣe. Ó ń lọ láti mọ́tò dé mọ́tò, ó ń bẹ àwọn awakọ̀ kí wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì padà kí òun lè gba òmíràn lé e.

"Láídé! O gbé e wá tán, o tún ń gbà á padà? Ṣé ọkọ ìyàwó tó ń gba owó orí ni ọ́?"

"Kásẹ́ẹ̀tì mi ti mọ ọ̀nà Ìbàdàn ju èmi lọ o. Tí mo bá fún ọ, ta ló máa wa mọ́tò?"

"Ẹ fún un, jàre. Láídé Oníṣòó! Má fi ìṣó gún táyà wa o!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn kan dá a padà, àwọn kan kò dá a padà. Nígbà tó rí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín wọn, ó dìde, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Orúkọ Oníṣòó náà lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọdé Ìjọkù ń fi kọrin.

Ó lọ sọ́dọ̀ Àlhájà, ó sọ fún un pé àwọn èyí tó ti wọ ilé onílé, òun kò lè gbà wọ́n. Àlhájà ní òun ti gbọ́. Owólabí dìde, ó ń tiro. Obìnrin náà kò pe Láídé sí òde kankan títí Láídé fi kú, n kò sì rí ìdí tí ì bá fi pè é.

Àwo náà kò tà mọ́. Ilé iṣẹ́ rédíò kò lo ohun tí abẹ́rẹ́ ń fò lórí rẹ̀. Òjò dé, òjò dá. Iléyá dé, ẹnikẹ́ni kò wá. Lọ́jọ́ kejì Iléyá, Láídé wọ aṣọ, ó lọ bá Àdìsá. Àdìsá fi í sẹ́yìn bí ó ti wí, lẹ́yìn ọmọbìnrin kan tí kò mọ ibi tí orin ti ń gbé ohùn sókè. Láídé kò ráhùn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń se oúnjẹ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹwàá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú táksí, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, páálí àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé ibí ni ilé Láídé olórin?"

Mo ní, "Ibí ni."

Adérónkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú-Òde. Ó kọ́lé, ó fẹ́ ṣí i. Ó ra àwo náà ní Sábó nígbà tó ń kọjá, ó dé ilé, abẹ́rẹ́ fò. Ó gbé e padà wá kí wọ́n fún òun ní òmíràn, onílé àwo sì sọ fún un pé bákan náà ni gbogbo wọn rí, ó sọ ìdí.

"Mo ti ń wá olórin, Bàbá, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹ mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá gbọ́ pé èèyàn kọ́lé, wọ́n á bi í níwájú èrò pé ọmọ mélòó ló máa gbé inú ẹ̀." Ó fọwọ́ ra páálí àwo náà. "Èmi ò bímọ. Ẹni tó lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ ba orin ara ẹ̀ jẹ́ nítorí ọmọ ọlọ́mọ, ó mọ ibi tí ẹnu ń dé dúró. Òun ni mo fẹ́."

Láídé dé láti ọ̀dọ̀ Àdìsá, mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún un.

"Báwo ló ṣe bèèrè, Bàbá?"

"Ó ní, ṣé ibí ni ilé Láídé olórin."

"Kò pè mí ní Oníṣòó?"

"Kò pè ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó ní kí n tún un sọ. N kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Mo tún un sọ.

Òun àti Yésúfù àtàwọn yòókù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá. Obìnrin náà kò jẹ́ kí wọ́n rin ìrìn òru, ó ní kí wọ́n sùn, kí ilẹ̀ mọ́. Yésúfù, tí eegun èjìká rẹ̀ yẹ̀ nínú mọ́tò náà, wá sọ fún mi nígbà tó lè rìn. Ó ní Láídé kọrin débi pé àwọn tó ń gbé oúnjẹ dúró. Ó ní ó kí ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, ó kí ẹni tó kọ́ ọ, kò sì fẹnu kan ohun tí kò yẹ kó fẹnu kàn. Àwọn ènìyàn bèèrè orúkọ rẹ̀, ó sọ fún wọn, ó sọ àdúgbò, ó sọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi Yésúfù ohun tó sọ nínú mọ́tò láàárọ̀. Ó ní kò sọ nǹkan kan, oorun ló ń sùn.

Ohun tí ó fi sílẹ̀ nìyí:

Páálí àwo mélòó kan ní pálọ̀. Ìṣó ti kan gbogbo wọn.

Aṣọ àrán aláwọ̀ ewé tí télọ̀ kò tíì rán tán. Mo lọ gbà á bó ṣe wà.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ méjì. Yésúfù ní kí n jẹ́ kí òun máa lò wọ́n. Mo fún un ní ọ̀kan.

Ìgò oyin tó fi ń tún ohùn ṣe. Èèrà ti wọ̀ ọ́.

Fọ́tò ìyá rẹ̀, tó yọ kúrò nínú férémù mi láì sọ fún mi.

Kásẹ́ẹ̀tì kan tí kò kọ nǹkan kan sí lára. N kò tíì gbọ́ ọ.

Ọkọ àti ìyàwó kan láti Ìjẹ̀bú-Òde, tó wá nínú oṣù kejìlá, tó bèèrè Láídé olórin. Mo fún wọn ní àga àti omi, mo sì sọ fún wọn.

Agbòòrùn dúdú kan, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Kì í ṣe tirẹ̀, kì í ṣe tèmi. Ẹni tó bá ni í, kó wá gbà á.